Ìyá mi ní ọkọ méjì: ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbà mí lórí ọ̀rọ̀ agolo mẹ́ta yìí

TíṣàẸ̀pẹ́:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò kàn ń dá sí i ni. Ti òní ló kọjá ohun tí mo lè gbé mì.

Kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Ẹ̀pẹ́ níbí, a ò jìnnà sí etí ọ̀sà. Ọmọ 52 ló ń jókòó níwájú mi lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ọmọ apẹja àti ọmọ ẹlẹ́ja. Ẹ ní kí wọ́n ka ohun tó ti inú omi jáde tó wà lọ́jà Olúwo fún yín, ẹ ò ní tíì mí tí wọ́n á ti kà á tán: ẹ̀pìyà, àrọ̀, obokún, edé, akàn. Wọ́n á tún sọ iye tí ìyá wọn tà á láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n fi àmì ohùn sórí "akàn", gbogbo kíláàsì á dákẹ́ bí ẹni pé Faransé ni mo sọ.

Ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, mo ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí "Ìdílé Mi". Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọmọ Ìlàjẹ ni, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa sín in jẹ tó bá sọ̀rọ̀, nítorí náà kì í la ẹnu. Ohun tó kọ rèé, mi ò fi nǹkan kan kún un: "Iya mi ni oko meji. Okan tobi, okan kere. Eyi to kere ti n jo sugbon iya mi ni oun ko ni ta a."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ka á fún olùkọ́ kíláàsì karùn-ún, òun náà fọwọ́ di ògiri mú. Àṣé ọkọ̀ ojú omi lọmọ ń wí. Ìyá rẹ̀ ní méjì tó ń yá àwọn apẹja lò, ẹja ni wọ́n fi ń san án. Àmọ́ nígbà tí mo délé lálẹ́, ẹ̀rín yẹn kúrò lẹ́nu mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ tẹ́ẹ̀mù ni mo ti ń kọ ọ́ sójú pátákó fún wọn: dò, re, mí, ìsàlẹ̀, àárín, òkè. Wọ́n ń dà á kọ, ìwé wọn mọ́ tónítóní, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó gbọ́ ọ. Ojú ni mo fi ń kọ́ wọn ní ohun tó jẹ́ ti etí.

Ni mo bá wá agolo. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó ti ṣófo, agolo tòmátò ńlá tí mo tọrọ lọ́wọ́ ìyá onírẹsì ẹnu géètì wa, àti agolo mílíìkì kékeré. Mo dojú wọn dé lórí tábìlì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì dún gbùn, tòmátò dún gban, mílíìkì dún tín. Mi ò sọ nǹkan kan. Ọmọbìnrin kan ló pariwo, "Dò, re, mí!" Mo wá lu tòmátò lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ọkọ nìyẹn, èyí tó wà nílé. Tòmátò, bọ́kẹ́ẹ̀tì: ọkọ̀, èyí tó wà lójú omi. Tòmátò, mílíìkì: ọkọ́ àgbẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń gún ẹja. Kí n tó dé ìkẹrin, wọ́n ti gun bẹ́ǹṣì.

Mo pe ọmọ ọlọ́kọ̀ méjì jáde. Ó gba igi lọ́wọ́ mi, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó sì lu gbólóhùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ń fi ìka kà á. Sílébù mẹ́jọ ló wà nínú "Ìyá mi ní ọkọ̀ méjì", ẹ̀ẹ̀meje ló lu agolo. Mo ní kó tún un lù. Ẹ̀ẹ̀meje náà ni. Ó ní, "Àǹtí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́." Mi ò mọ ibi tó gbé ọ̀kan yòókù sí títí di òní, bí onílù bá wà níbí kó ràn mí lọ́wọ́.

Wàhálà ibẹ̀ wá nìyí. Ògiri tó pín èmi àti kíláàsì karùn-ún ò dé òrùlé. Ọ̀gá àgbà pè mí lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní, "Ṣé ilé-ìwé nìyí àbí ilé Àyàn?" Òbí kan náà tún wá, ó ní òun ò rán ọmọ òun wá kọ́ ìlù. Mo kó àwọn agolo sábẹ́ tábìlì. Láti ìgbà yẹn, ọmọ ẹ̀bá fèrèsé ti padà sídìí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀, àmọ́ mo máa ń rí i tó ń fi ẹsẹ̀ kan àwọn agolo yẹn tó bá wá gba ṣọ́ọ̀kì.

Báwo ni kí n ṣe é tí kò fi ní di ariwo? Ẹni tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi irú nǹkan báyìí kọ́ ìṣirò, ẹ jọ̀ọ́, kó sọ̀rọ̀. Ìpín-dọ́gba ló kàn wá.

ỌmọÀyàn:

Àǹtí Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ìdílé onílù ni wọ́n bí mi sí, Ìkòròdú ni mo ń gbé, òde àríyá ni ẹ máa bá mi ní Sátidé.

Ọmọ yẹn ò jẹ sílébù kankan. Ẹ sọ gbólóhùn náà bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún aládùúgbò yín: "Ìyá mi lọ́kọ̀ méjì." Ẹ wá kà á. Méje ni. Ìwé ló ń kọ "ní ọkọ̀", ẹnu kì í yà wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹnu ni ìlù sì ń tẹ̀ lé. Ẹ̀yin ń ka ohun tó wà lójú ìwé, òun ń lu ohun tó gbọ́ nílé. Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀!

Ibi tí ẹ ti máa kọsẹ̀ lọ́la rèé. Ẹ lu mílíìkì lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ ní kí ẹni tí ẹ pè dìde. Bọ́lá á dìde, Títí á dìde, Tọ́pẹ́ á dìde, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Ohùn nìkan kì í tó dá ọ̀rọ̀ mọ̀. Ìdí nìyẹn tí onílù kì í fi pe èèyàn ní ẹyọ orúkọ kan. A á ki í ni, ọmọ lágbájá, ará ibi báyìí, ẹni tí baba rẹ̀ ṣe báyìí, títí kò fi ní ku ẹlòmíràn tó lè dìde. Nítorí náà, ẹ má fi ẹyọ ọ̀rọ̀ dán wọn wò pẹ́ jù, gbólóhùn ni kí ẹ fún wọn. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú oríkì rẹ̀ wá láti ilé.

Agolo mẹ́ta dára, àmọ́ ó ní ohun tí kò lè ṣe. Lórí ìyáàlù dùndún, apá ló ń fún ọsán mọ́ ìhà. Bí ọsán bá fà, awọ á le, ohùn á gòkè. Bí a bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ó lè yọ́ gòkè. Ẹ pe "bàbá" dáadáa, ẹ máa gbọ́ pé "bá" yẹn kì í fò sókè lójijì, ó máa ń yọ́ lọ ni. Agolo ò lè yọ́, fífò ló mọ̀. Bí ọmọ kan bá sọ fún yín pé agolo ò pe "bàbá" dáadáa, ẹ má nà án, òótọ́ ló sọ.

Ní ti ariwo: kí bàbá mi tó fún mi ní kọ̀ǹgọ́, itan ara mi ni mo fi ń kọ́ ọ. Wọ́n á sọ̀rọ̀, èmi á fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú sórí itan. Bí mo bá ṣì í, wọn kì í ní kí n tún un lù, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ́. Ọmọ 52 lè fi itan lu ìlù kí ẹni tó wà ní kíláàsì ẹ̀yìn ògiri má gbọ́.

Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé ilé Àyàn náà, ilé-ìwé ni.

Baba_Ìbejì:

Ẹ má bínú sí mi o, ẹni tó ń sanwó ló ń sọ̀rọ̀.

Ní ilé-ìwé aládàáni tí àwọn ọmọ mi wà tẹ́lẹ̀, gbogbo tẹ́ẹ̀mù ni wọ́n ń ṣe "ọjọ́ àṣà". Mo ra aṣọ òkè fún méjì, mo ra ìlẹ̀kẹ̀, mo sanwó fún ẹni tó kùn wọ́n lójú. Wọ́n jó fún bíi wákàtí kan, wọ́n ya fọ́tò, ó parí. Mo bi èyí tó dàgbà nínú wọn (ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ju èkejì lọ) pé kí ni ìtumọ̀ orin tí wọ́n kọ. Kò mọ̀ ọ́n. Àwọn olùkọ́ ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ wọn ní ijó yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn ò fi kọ́ ìlọ́po.

Nítorí náà, tí mo bá ti gbọ́ ìlù nílé-ìwé, owó ni mo kọ́kọ́ máa ń rò. Lójú tèmi, òbí tó wá bá yín yẹn ò burú. Ìdánwò kọ́mọ́ọ̀nù ẹ̀ńtìràǹsì ò ní béèrè ìlù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Ẹlẹ́jaOlúwo:

Ẹ bá mi kí ìyá ọlọ́kọ méjì. Ẹ sọ fún un pé èyí tó ń jò yẹn nìkan lèmi ní nílé tèmi.

ÌyáÀgbà_Ìgbógbó:

Ẹlẹ́ja, Ọlọ́run á tún tìẹ ṣe.

Tíṣà, ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ọdún 33 ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, agbègbè Ìkòròdú ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bàbá Ìbejì, ẹ jàre ní ọ̀nà kan. Ijó ọjọ́ àṣà yẹn, iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ni, èmi náà ti ṣe é rí. Àmọ́ ohun tí ọmọbìnrin yìí ń ṣe kì í ṣe ìyẹn. Ẹ mú àwọn agolo kúrò nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹ̀kọ́ ò sí mọ́. Ẹ mú ijó kúrò nínú ti àwọn ọmọ yín, ẹ̀kọ́ wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Tìẹ kọ́kọ́, Tíṣà. Ìmọ̀ràn onílù dára. Èyí tí èmi máa ń ṣe ni pé kí wọ́n fi ara kọ ọ́. Ọwọ́ lórí orúnkún, dò. Ọwọ́ láyà, re. Ọwọ́ lórí, mí. Mo á ní "ọkọ̀", mo á máa wo ọwọ́ wọn. Ẹni tí kò gbọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ á máa wá ọwọ́ ẹnì kejì kiri, wàá rí i láìbéèrè. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì ya ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí òkè àti ilẹ̀, kí ìlà máa gòkè kó máa sọ̀. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni kí àmì wá gun orí lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ wa máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ kó parí sí.

Bí ọ̀gá rẹ bá ní Yorùbá ò ṣe pàtàkì, rán an létí òfin Èkó tó sọ ọ́ di dandan nílé-ìwé. Ní 2018 ni Gómìnà Ambode fọwọ́ sí i, ọmọ Ẹ̀pẹ́ yín níbẹ̀ yẹn náà ni. Kó o fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ o.

Ti ìdánwò tí Bàbá Ìbejì ń bẹ̀rù, mo ti gbọ́ ẹ̀rù yẹn láti ìgbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́. Àwọn tó kọ́ wa máa ń sọ nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì dúró bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn èèyàn ní wọ́n fẹ́ ba ayé ọmọ jẹ́. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ohun tó bá gba etí ọmọ wọlé kì í dí ọ̀nà fún òmíràn.

Ìṣirò wá kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí omi, amọ̀ kò lè wọ́n yín. Kí wọ́n mọ ẹja. Àmọ́ jọ̀ọ́, kọ ìbéèrè sójú pátákó kí amọ̀ tó dé ọwọ́ wọn. Lọ́dún kan, mo jẹ́ kí wọ́n mọ nǹkan láti àárọ̀ títí agogo fi lù, mo gbàgbé pé ìpín-dọ́gba la fẹ́ ṣe. Wọ́n mọ ẹyẹ, wọ́n mọ mọ́tò, ọ̀kan mọ orí mi. Inú gbogbo wa dùn, ìṣirò sì ṣe aláìsí. Bí o bá fẹ́ kùn ún, má lọ ra ọ̀dà: ẹfun fún funfun, osùn fún pupa, èédú fún dúdú. Ewé gẹdú tí kò tíì gbó, tí wọ́n bá fi ọwọ́ ra á, àwọ̀ pupa ló ń mú jáde. Ìyá wọn á bínú nítorí yúnífọ́ọ̀mù, jẹ́ kí wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

Ohun kan péré ló kù. Má fún wọn ní máàkì lórí ẹwà. Mo ṣe é rí, mo fún ọmọbìnrin kan ní méjì nínú mẹ́wàá nítorí ewúrẹ́ tó yà. Kò ya nǹkan kan mọ́ títí ó fi jáde. Mo ṣì máa ń pàdé rẹ̀ lọ́jà Ìgbógbó, ó ti di ìyá ọlọ́mọ, kò rántí. Èmi ni mo rántí.

TíṣàẸ̀pẹ́:

Mo ti dé o, ẹ̀yin ará. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí tí mi ò bá yín mu omi rí.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà lójú gbogbo kíláàsì. Mo ní òun ló gbà á, èmi ni mo ṣì í, lọ́kọ̀ ni. Kò fèsì, ó kàn wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì ó ti kúrò lẹ́bàá fèrèsé, ó wá jókòó sí ìlà kejì. Ẹnikẹ́ni ò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá gbà pé kí a máa lu agolo ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ lẹ́yìn bíréèkì nìkan, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ọjọ́ yòókù, itan àti orúnkún. Ẹnu agolo tòmátò gé ọmọ kan níka, mo ní láti fi òòlù tẹ etí agolo náà wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìyẹn. Oríkì tí onílù ní kí wọ́n mú wá kò rọrùn. Bí ìdajì kíláàsì ò ní, ìyá wọn ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. A wá ń kọ ọ́ fúnra wa. Ti ọmọbìnrin kan ni "ọmọ ẹlẹ́ja tí kì í bu ọ̀wọ́ kù", ìyá rẹ̀ sì ti ń fi polówó ẹja.

Bàbá Ìbejì, mi ò tíì ní èsì ìdánwò tí máa fi hàn yín. Ẹ fún mi títí di òpin tẹ́ẹ̀mù.

Ti amọ̀ ni kí n sọ. Mo kọ ọ́ sójú pátákó gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe wí: àrọ̀ 24, agbọ̀n 6, mélòó ni yóò wọ agbọ̀n kọ̀ọ̀kan? Wọ́n mọ ẹja. Nígbà tó kan pípín, ìjà bẹ́. Wọ́n ní èmi ò mọ ẹja pín. Wọ́n ní ẹni tí àrọ̀ kéékèèké mẹ́rin bá kàn, wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ, kò sí ẹlẹ́ja tó ń fi iye pín ẹja tí kò dọ́gba. Mo ní kí a kàn gbà pé wọ́n dọ́gba. Ọmọ ọlọ́kọ̀ méjì dìde (ó sọ̀rọ̀ ketekete, ẹnikẹ́ni ò sì sín in jẹ), ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká tún wọn mọ kí wọ́n lè dọ́gba." Ni wọ́n bá fọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n pa amọ̀ pọ̀, wọ́n gé e ní ọ̀nà 24. Ọjọ́ méjì ni ìpín-dọ́gba kan ṣoṣo gbà wá. Ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú 35 ni.

Wàhálà tuntun ti dé ṣá. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì mú ìwé ọmọkùnrin yẹn wá bá mi lánàá. Ó ti fi àmì ohùn sórí gbogbo díktéṣọ̀n: "tíchà", "wíndò", "rívà". Olùkọ́ náà fẹ́ mọ̀ bóyá àṣìṣe ni kí òun kà á sí. Mo pe "window" fúnra mi lẹ́ẹ̀mẹta níbi tí mo dúró sí, mo sì fi ọwọ́ lu itan mi. Àmì yẹn bá ẹnu wa mu.

Kí ni kí n sọ fún un?